Bí Ewé Bá Pẹ́ Lára Ọṣẹ: Èròjà Inú Ewé àti Awọ Fẹ́lẹ́ Tí A Fi Ń Bo Ọgbẹ́

      

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ìwà àti ìbákẹ́gbẹ́ ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Lónìí, mo fẹ́ kí á dá a padà sí ara ewé fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá yọ èròjà inú ewé, inú èèpo igi tàbí inú èso, tí a pò ó mọ́ ohun mìíràn tí a rí lára ẹranko tàbí irúgbìn, tí àwọn méjèèjì di ara kan ṣoṣo, tí a sì fi ohun tuntun náà bo ojú ọgbẹ́. Iṣẹ́ yìí ń lọ lọ́wọ́ ní yàrá ìwádìí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ: ewé ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ó ń sọ iṣẹ́ ewé di ìwòsàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ewé àwọn baba rẹ̀ ga, kí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ni ọgbẹ́ ń fẹ́?

Awọ ara ni aṣọ àkọ́kọ́ tí Ọbàtálá wọ̀ fún ènìyàn. Bí aṣọ náà bá ya, omi ara yóò máa jò jáde, kòkòrò tí ojú lásán kò rí yóò sì máa wọlé. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kí ọgbẹ́ gbẹ kíákíá, kí ó ní èépá, ni ó dára jù. Ní ọdún 1962, George Winter, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àbájáde ìwádìí tí ó ṣe lára ẹlẹ́dẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ó fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ bo àwọn ọgbẹ́ kan, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Èyí tí ó bò, tí ọ̀rinrin kò kúrò lójú rẹ̀, ni awọ tuntun tètè bò mọ́lẹ̀. Ìyára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti èkejì.

Láti ìgbà náà ni a ti mọ ohun tí ó yẹ kí ìbora ọgbẹ́ ṣe. Kí ó pa ọ̀rinrin mọ́, síbẹ̀ kí ó fa omi tí ó bá pọ̀ jù. Kí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Kí ó dènà kòkòrò. Kí ó má lẹ̀ mọ́ ẹran ara, nítorí báńdéèjì tí ó bá gbẹ mọ́ ojú ọgbẹ́, nígbà tí a bá ń ṣí i, awọ tuntun ni yóò bá a wá. Ẹ bi ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ bi ẹni tí iná jó. Ẹ bi àwọn tí egbò Buruli mú, àrùn tí ń jẹ awọ ara àwọn tí ń gbé létí omi tí kò sàn dáadáa, tí wọ́n ń tọ́jú ní Pobè ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn aláìsàn láti ìhà Ògùn náà ti ń gba ìtọ́jú. Fún irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ìbora kì í ṣe ohun ọjọ́ kan. Ohun ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, nígbà mìíràn ohun ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín

Ibo ni a ti ń rí ohun tí a lè fi ṣe irú ìbora bẹ́ẹ̀? Ẹ fojú inú wo ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí a sín sórí okùn gígùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí okùn náà sì pọ̀ tí ó lọ́ mọ́ ara wọn. Bí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pólímà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rá tí a fi ń di ọjà jẹ́ pólímà tí ènìyàn ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀dá ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ kí ènìyàn tó dáyé. Ẹ̀kọ gbáàgúdá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òwú jẹ́ ọ̀kan. Omi tí a fi se pọ̀nmọ́ tàbí ẹsẹ̀ màlúù, tí ó bá tutù tí ó sì dì, òmíràn ni ó wà nínú rẹ̀: òun ni jẹ́látìn.

Èyí tí àwọn olùwádìí ọgbẹ́ fẹ́ràn gidigidi ni kítósàn. Inú èèpo edé àti èèpo alákàn ni orísun rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú ara olú. A ó fi omi kíkan yọ ẹfun inú èèpo náà. A ó fi omi olóró bí i ti eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ, ṣùgbọ́n tí ó le jù ú lọ, yọ ìyókù ẹran ara rẹ̀. A ó tún fi omi olóró tí ó gbóná, tí ó sì le sí i, yí ohun tí ó kù padà. Ìyẹ̀fun tí a bá rí kì í yòrò nínú omi lásán, ṣùgbọ́n ó ń yòrò nínú omi tí a fi ọtí kíkan díẹ̀ sí. Bí a bá da omi yòrò yìí sínú àwo pẹrẹsẹ, tí a jẹ́ kí ó gbẹ, awọ fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ gaara ni a ó bá nídìí àwo. Awọ yìí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ní ọdún 2002 ni àjọ tí ń bojú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí báńdéèjì HemCon tí a fi kítósàn ṣe láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àwọn ọmọ ogun wọn sì gbé e lọ sójú ogun.

Ṣùgbọ́n awọ tí a fi kítósàn nìkan tàbí jẹ́látìn nìkan ṣe ní àbùkù. Bí omi ọgbẹ́ bá kàn án, ó máa ń wú, ó ń rọ̀ jọ̀bọ̀, ó ń ya. Jẹ́látìn tilẹ̀ lè yọ́ dànù nínú ìgbóná ara ènìyàn. Ìdí ni pé okùn ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyẹn kàn lọ́ mọ́ ara wọn lásán ni. Ohunkóhun kò so wọ́n pọ̀. Wọ́n nílò ohun tí yóò ta kókó láàrín okùn kan àti èkejì. Ibi yìí gan-an ni ewé ti wọ inú ọ̀rọ̀.

Èròjà tí ń ta kókó

Ẹni tí ó bá jẹ obì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n mọ bí ẹnu ṣe máa ń fún pọ̀, tí ahọ́n sì máa ń gbẹ. Táńnìn ni ó fa á. Ó dì mọ́ àwọn èròjà inú itọ́ wa, ó kó wọn jọ, itọ́ kò sì yọ̀ mọ́. Ohun tí ó ń ṣe fún itọ́ ni ó ń ṣe fún awọ ẹran. Àwọn oníṣẹ́ awọ ní Kánò àti Sókótó ń fi èso igi bàgàrúwà, tí ó kún fún táńnìn, ṣe awọ ewúrẹ́. Awọ tí ìbá jẹrà láàrín ọjọ́ díẹ̀ di ohun tí a fi ń ṣe bàtà àti àpò, tí ó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún. Táńnìn ti ta kókó láàrín àwọn okùn inú rẹ̀.

Jẹ́látìn, inú awọ ẹran kan náà ni ó ti wá. Nítorí náà, bí a bá fi táńnìn díẹ̀ sínú omi jẹ́látìn tàbí omi kítósàn kí á tó dà á sínú àwo, awọ fẹ́lẹ́ tí yóò jáde yóò le sí i, kò ní tètè wú, kò sì ní yọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ awọ ni a gbé lọ sí yàrá ìwádìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ dé ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ará wa púpọ̀ wà. Èso kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jenipapo. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀, ń fi omi rẹ̀ ya ara. Omi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi kan ara. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ni yóò dúdú bí aró, kò sì ní ṣeé fọ̀ títí ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èròjà tí ń ṣe èyí ni jẹ́nípìn. Ó ń so mọ́ èròjà inú awọ ara, ìsopọ̀ náà ni ó sì ń mú àwọ̀ aró jáde. Bí a bá fi jẹ́nípìn sínú kítósàn, ohun kan náà ni yóò ṣe: yóò ta kókó láàrín àwọn okùn, awọ fẹ́lẹ́ náà yóò sì di aláwọ̀ aró. Ṣáájú èyí, glutaraldehyde ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò láti ta irú kókó bẹ́ẹ̀, kẹ́míkà tí ó lágbára ṣùgbọ́n tí ó ń pa ẹran ara. Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí ní Taiwan ròyìn pé oró jẹ́nípìn sí ẹran ara tí wọ́n tọ́ nínú àwo kéré sí ti glutaraldehyde ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

Mo rí i pé àwọn ìyá wa ti ń mi orí. Ohun tí ó wà lọ́kàn yín ni ó wà lọ́kàn tèmi náà: bùjé. Bùjé tí àwọn ìyá ìyá wa fi ń finra kí wọ́n tó lọ sóde ìyàwó, tí kì í dúdú lójú ẹsẹ̀, tí kì í sì í ṣeé fọ̀. Nínú ètò àwọn onímọ̀ ewéko, inú ẹbí kan náà ni bùjé àti jenipapo wà. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì, tí ó ń wá ohun tí yóò fi ṣe ìwádìí ìgboyè.

Èròjà tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà

Iṣẹ́ kejì tí èròjà ewé ń ṣe nínú awọ fẹ́lẹ́ ni ìṣọ́. Òórùn èfinrín kì í ṣe fún ọbẹ̀ nìkan; thymol àti eugenol tí ó wà nínú òróró rẹ̀ ń ba ara kòkòrò àrùn jẹ́. Eugenol náà ni ó pọ̀ nínú kànáfùrù, àwọn oníṣègùn eyín sì ti ń lò ó tipẹ́. Àtalẹ̀ pupa ní kọ̀kúmìn, tí ń dín wíwú àti ìgbóná ojú ọgbẹ́ kù. Ṣùgbọ́n kọ̀kúmìn kì í fẹ́ẹ́ yòrò nínú omi, ìmọ́lẹ̀ sì ń bà á jẹ́. Òróró èfinrín ní tirẹ̀ máa ń fẹ́ lọ bí èéfín. Bí a bá kàn fi wọ́n ra ojú ọgbẹ́, kò pẹ́ tí wọn yóò fi lọ. Awọ fẹ́lẹ́ ni ó ń dá wọn dúró, tí ó ń tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìkòkò tí ń jò ní ẹ̀kán-ẹ̀kán.

Báyìí ni ewé àti awọ fẹ́lẹ́ ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ewé fún awọ ní agbára. Awọ fún ewé ní ilé.

Ìtàn Detroit

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀. Ní ọdún 1925, dókítà kan tí ń jẹ́ Edward Davidson, ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, ròyìn pé òun fi omi táńnìn tọ́jú àwọn tí iná jó. Omi náà sọ ojú ibi tí ó jó di líle bí awọ, omi ara kò jò dànù mọ́, ìrora sì dín kù. Àwọn ènìyàn tí ìbá kú yè. Kò pẹ́ tí ìtọ́jú náà fi tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó pa á tì, nítorí pé ní àwọn ọdún 1940, àwọn dókítà rí i pé táńnìn tí ń gba ojú iná wọnú ẹ̀jẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ aláìsàn jẹ́. Ohun tí ó gba àwọn kan là ni ó pa àwọn mìíràn.

Irọ́ kọ́ ni Davidson pa. Táńnìn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìwọ̀n: iye tí a ń dà sójú iná, iye tí ń wọnú ara, àti bí ó ṣe mọ́ tó. Lónìí, inú awọ fẹ́lẹ́ ni a ń so táńnìn mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ń fi sí i, a sì ń wọn iye tí ń kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, awọ náà yóò gan, yóò máa ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ, yóò sì ṣe ẹran ara ní ibi.

Ìdí nìyí tí ìdánwò fi pọ̀. A ó fa awọ náà títí yóò fi já, kí á mọ agbára rẹ̀. A ó wọ̀n ọ́n, a ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, a ó tún un wọ̀n. A ó gbé e ka orí àwo tí a ti ń tọ́ kòkòrò Staphylococcus àti Pseudomonas, tí wọ́n sábà máa ń wà lójú egbò, kí á wo bóyá wọn yóò sá fún un. A ó gbé e sún mọ́ ẹran ara alààyè nínú àwo, kí á rí i pé ohun tí ń pa kòkòrò kò pa ènìyàn mọ́ ọn. A ó wá ọ̀nà láti pa kòkòrò ara awọ náà láìba èròjà ewé jẹ́, nítorí ooru púpọ̀ lè ba èyí tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà jẹ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ti ẹranko, lẹ́yìn ti ẹranko ni ti ènìyàn tí ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn awọ fẹ́lẹ́ tí mo ń ròyìn wọ̀nyí ṣì wà lójú ọ̀nà. Wọn kò tí ì dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

Ipa tiwa

Kí ni gbogbo èyí kàn wá sí, àwa tí a ń wá bí ìṣẹ̀ṣe yóò ṣe tún gbérí?

Èkíní, kí á má ṣe fi ewé tútù tí a gún lásán bo ọgbẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ń bẹ lára ewé, nínú iyẹ̀pẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, àrùn tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dì pa. Ẹni tí ó ní egbò tí kò jiná, kí a mú un dé ilé ìwòsàn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́.

Èkejì, kí á mọ ewé lórúkọ. Orúkọ kan náà lè jẹ́ ti ewé méjì láàrín Ìjẹ̀bú àti Èkìtì. Èfinrín méjì tí ó jọra lè yàtọ̀ nínú: thymol lè pọ̀ nínú ọ̀kan, kí eugenol pọ̀ nínú èkejì, nítorí ìran rẹ̀ àti ilẹ̀ tí ó ti hù. Bí a bá já ewé, kí á gbẹ ẹ̀ka rẹ̀ kan, kí á gbé e lọ sí ibi ìkójọ ewé gbígbẹ, irú èyí tí ó wà lọ́dọ̀ àjọ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, kí wọ́n fi orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí i. Kí á kọ apá tí a lò, ìgbà tí a já a, iye rẹ̀, ohun tí a fi pò ó, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe ibi.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ní ọdún 1995, ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì ìṣègùn ní Mississippi ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí fífi àtalẹ̀ pupa wo ọgbẹ́ sàn. Ohun tí àwọn ìyá ní India ti ń ṣe láti ìgbà láéláé! Àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti ìjọba India pe ẹjọ́. Kì í ṣe ariwo ni wọ́n fi borí, ìwé ni: wọ́n mú ìwé àtijọ́ tí a fi èdè Sanskrit kọ jáde, wọ́n sì mú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí a tẹ̀ ní India ní 1953. Ní ọdún 1997, Amẹ́ríkà wọ́gi lé ẹ̀tọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé bá bùjé lọ́la, ìwé wo ni a ó mú jáde? Pierre Fatumbi Verger kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ewé àwọn babaláwo jọ, ó sì tẹ 447 nínú wọn jáde nínú ìwé rẹ̀ Ewé ní ọdún 1995. Ó ṣe é ní àṣeyọrí, ṣùgbọ́n ẹyọ ìwé kan kò lè gbé gbogbo igbó. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò sọ pé awo ni ewé, a kì í tú u sójú ọjà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ewu sì wà nínú títú u lásán. Ṣùgbọ́n a lè pín in sí méjì. Ọfọ̀, ètùtù àti ìbúra, ti awo ni, kí ó wà lọ́dọ̀ awo. Orúkọ ewé tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ mọ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́, kí á fi ọjọ́ sí i, kí á fi orúkọ ìlú àti ti ẹni tí ó sọ ọ́ sí i, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí yàrá ìwádìí kan bá sì wá bèèrè, kí àdéhùn kọ́kọ́ wà lórí ìwé kí ewé tó kúrò nílẹ̀. Láti ọdún 2014 ni Àdéhùn Nagoya, tí ó sọ pé kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, kí a sì bá wọn pín èrè, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrín àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú ìwé àti gègé lọ bá àwọn àgbà kí oṣù yìí tó parí. Ewé kan péré ni kí ẹnìkọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin àgbà, bí wọ́n bá dé, ẹ má lé wọn. Bí ọgbọ́n yín bá pẹ́ lára wọn, wọn yóò di ọlọ́gbọ́n.